Ohun Tí Yóò Bo Yusrah

Atẹ́gùn ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, kì í ṣe àìsàn. Àìsàn ti wà nílé wa kí atẹ́gùn yẹn tó fẹ́, àmọ́ a kì í sọ ibi tó ń gbé wa lọ. Èmi kì í sọ ọ́. Mo máa ń wo ẹnu ọ̀nà bí ẹni tí àlejò burúkú fẹ́ yà sílé rẹ̀, bí àwọn èèyàn bá sì béèrè, màá ní ó ti sàn díẹ̀ lónìí.

Ìyá Uzair, tí ilé rẹ̀ kan ògiri ilé wa ní àdúgbò Keteren Gwari níbí ní àríwá, ló kú nígbà ọyẹ́. Nàímátù lorúkọ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ Yusrah ìyàwó mi ni. Ìlọrin ni àwọn méjèèjì ti wá, ẹlẹ́hàá sì ni àwọn méjèèjì, wọn kì í yọjú sí ọkùnrin tí kì í ṣe tiwọn. Látìgbà tí àwọn ọmọ wa ti wà ní jẹ́lé-ó-sinmi la ti jọ ń gbé, n kò mọ ojú Nàímátù. Ohùn rẹ̀ ni mo mọ̀. Bó bá fẹ́ kí mi, láti ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn ni, "Bàbá Labibah, ẹ kúuṣẹ́ o," èmi náà á wolẹ̀, màá dáhùn.

Lọ́jọ́ tí a ń gbé e lọ sí itẹ́ òkú, bí a ṣe yọ sí títì báyìí, atẹ́gùn dé. Ó wọ abẹ́ aṣọ tí a fi bò ó, ó gbé e sókè. Nígbà tí aṣọ náà padà wálẹ̀, ó lẹ̀ mọ́ ọn lára. Orí. Àyà. Ìbàdí. Orúnkún méjèèjì. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ dúró, wọ́n ń wò. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan na fóònù rẹ̀ sókè.

Mo wà lára àwọn tó gbé e. N kò ní ọwọ́ tí mo lè fi tún aṣọ náà ṣe, nítorí makara mọ́sálásí wa wúwo. Makara ni àwa tí a ń gbé ìlú yìí ń pe ibùsùn tí wọ́n fi ń gbé òkú. Irin ni tiwa, irin tó nípọn, ẹni tó jó o pọ̀ kò ro ti èjìká ẹnikẹ́ni. Bí èèyàn bá gbé e dé itẹ́, á rò pé òun náà ló kàn.

Yusrah rí i. Ó wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn wa, ó ń wo títì láti ojú ihò. Nígbà tí mo padà dé, kò sunkún. Ó jókòó sórí ẹní, ó di ikùn rẹ̀ mú bó ti máa ń dì í mú.

"Bàbá Labibah," ó ní, "gbogbo ayé rẹ̀ ló fi pa ara rẹ̀ mọ́. Atẹ́gùn ẹ̀ẹ̀kan péré ló fi í han oníkẹ̀kẹ́."

Mo ní kí Ọlọ́run forí jì í.

"Àmín. Àmọ́ èmi ò fẹ́ irú ẹ̀."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá bàtà mi, bẹ́ẹ̀ ó wà ní ẹsẹ̀ mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí àìsàn náà ṣe jẹ́. Inú ni. Ilé ìwòsàn yẹ̀ ẹ́ wò títí, wọ́n ya fọ́tò inú rẹ̀, lẹ́yìn náà dókítà ní kí a máa lọ sílé, kí Yusrah máa jẹ ohunkóhun tó bá wù ú. Inú mi dùn. Mo rò pé ìròyìn ayọ̀ ni. Mo ra ẹran àgbò àti ọsàn lọ́nà. Inú kẹ̀kẹ́ ni mo ti rí i pé Yusrah kò bá mi yọ̀. Ìwé tí mo kà kò pọ̀, mo mọ̀, àmọ́ kì í ṣe ìwé ni kò jẹ́ kó yé mi. Mi ò fẹ́ kó yé mi ni.

Lẹ́yìn ìsìnkú Nàímátù ló wá sọ ohun tó ń fẹ́. Ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọdé nílé ìyá ìyá òun n'Ílọrin, bí obìnrin bá kú, wọn kì í kàn ta aṣọ lé e. Wọ́n máa ń tẹ pankẹ́rẹ́ kọdọrọ lórí ibùsùn òkú, látorí dé ẹsẹ̀, bí ẹ̀yìn ìjàpá, kí wọ́n tó ta aṣọ sí i. Aṣọ kò ní kan ara. Atẹ́gùn ì báà jà, ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀ bóyá olóògbé ga tàbí ó sanra.

"Ẹ ṣe irú ẹ̀ fún mi," ó ní. "Àmọ́ kì í ṣe pankẹ́rẹ́. Ẹ̀yìn mọ́sálásí ni wọ́n ń gbé makara sí, ikán á jẹ ẹ́ kó tó ọdún. Mo fẹ́ kí àwọn obìnrin tó kù náà lò ó. Kì í sì í ṣe irin. Irin ti pọ̀ jù níbẹ̀. Bí ẹ bá tún fi irin kún irin, àwọn tó bá gbé mi á máa mí hẹlẹhẹlẹ, wọ́n á ní òkú obìnrin yìí mà wúwo o, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ló wúwo."

"Yusrah, ta ló fẹ́ kú?"

"Mi ò ní kí ẹ pa mí. Mo ní kí ẹ kan nǹkan."

"Télọ̀ ni mí. Mi ò mọ nǹkan kan kàn."

"Àlùmíníọ́mù," ó ní, bí ẹni pé n kò sọ̀rọ̀. "Bíi ti wíńdò. Kì í dípẹtà, kì í sì í wúwo. Ilé yìí ni kí ẹ ti ṣe é, lójú mi. Mi ò fẹ́ kí àjèjì kan máa wọn ibi tí mo máa sùn."

Ẹ̀rù bà mí. Èmi ni ẹni tí ẹ̀rù ń bà bí fóònù bá dún láìròtẹ́lẹ̀. Mo rò ó pé bí mo bá kan nǹkan yìí tán, mo ti buwọ́ lù ú nìyẹn. Ikú á rí i pé a ti múra sílẹ̀.

Àmọ́ kò sí ohun tí Yusrah bẹ̀ mí rí tí mo kọ̀. Mo wọ kẹ̀kẹ́, mo lọ sí Bosso.

Adégbọlá ló ń ṣe wíńdò níbẹ̀, ará Èkìtì ni, kírísítẹ́nì, èmi ni mo máa ń rán aṣọ ọdún fún òun àti àwọn ọmọ rẹ̀. Bó ṣe rí mi ló pariwo.

"Télọ̀! Má sọ pé o fẹ́ wá gbaṣẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Wíńdò ò ṣeé rán o!"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní mo fẹ́ ṣe nǹkan tí màá fi ta nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn sórí ibùsùn. Nǹkan tó fúyẹ́, tó sì máa tẹ̀ kọdọrọ.

"Fún Ìyá Labibah?"

"Fún un."

"Ara rẹ̀ ńkọ́?"

"Da sauƙi," mo dá a lóhùn lédè Hausa, pé ó ti sàn díẹ̀. Ó rọrùn láti purọ́ lédè tí kì í ṣe tèèyàn.

Ó mú mi wọ àárín àwọn irin rẹ̀. Ó fa páìpù onígun mẹ́rin kan yọ, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Ó le, ó tọ́, àmọ́ bí mo ṣe ro ti gbogbo gígùn rẹ̀, mo rí i pé á wúwo. Ó fún mi ní èyí tí wọ́n fi ń ṣe etí nẹ́ẹ̀tì wíńdò. Ìyẹn fúyẹ́ bíi pòpórò. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Adégbọlá ní kí n tẹ̀ ẹ́ wò. Mo fi orúnkún tì í, mo rọra fà á. Ó dún pàù, ó ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ṣé o rí i?" ó ní. "Ti wíńdò le lára. Ó dára fún ohun tó bá fẹ́ dúró ṣánṣán. Bó o bá tẹ̀ ẹ́, á bínú sí ẹ. Èyí tó máa tẹ̀ gbọ́dọ̀ rọ̀ lára, kó sì rí róbótó."

Mo kó gígé kéékèèké lóríṣiríṣi lọ sílé. Yusrah tẹ́ ọwọ́ lórí ẹní, mo ń gbé wọn lé e lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ń di ojú, ó ń gbé wọn sókè, ó ń gbé wọn sílẹ̀. "Èyí wúwo." "Èyí ò burú." "Èyí dà bí ṣíbí." Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tí mo ti rí i kó rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀. Fún ìdí yẹn, mo tún padà lọ.

Mo lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta kọ́tíìnì, mo ra ọ̀pá tó ń dán. Adégbọlá ti sọ fún mi pé kí n máa mú òòfà dání, pé ohun tí òòfà bá lẹ̀ mọ́, irin tí wọ́n kùn ni, kì í ṣe àlùmíníọ́mù. Mo yọ òòfà lára sípíkà rédíò wa tó ti bàjẹ́. Mo fi kan ọ̀pá náà. Ó lẹ̀ mọ́ ọn típẹ́. Inú mi dùn, Ọlọ́run forí jì mí. Mo gbé e padà. Mo lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ra irin àlòkù. Mo rí ọ̀pá kan tó dára níbẹ̀, mo ní ó ti wọ́ lójú kan. Mo rí òmíràn, mo ní ó kúrú. Èyí nípọn jù. Èyí fẹ́lẹ́ jù. Ògiri iyàrá wa kún fún ọ̀pá bí ọgbà ìrèké.

Nígbà kan tí mo wọlé, tí mo tún ń ròyìn ohun tó kù díẹ̀ káàtó lára ọ̀pá kan, Yusrah na ọwọ́, ó mú etí agbádá mi.

"Bàbá Labibah. Ṣé ọ̀pá lẹ ń yàn ni, àbí ẹ ń dá mi dúró?"

Mo dúró.

"Ẹ ò lè dá mi dúró," ó ní. Ohùn rẹ̀ rọ̀. "Ohun tí ẹ lè ṣe ni kí ẹ bò mí."

Labibah, ọmọ wa, wà lẹ́nu ìlẹ̀kùn. Ó ti parí ilé ìwé, ó ti ń ṣiṣẹ́ ní Maikunkele, àmọ́ ó ti padà wálé láti tọ́jú ìyá rẹ̀. Gbogbo ìgbà yẹn ni kò bá mi dá sí ọ̀rọ̀ ọ̀pá. Bí mo bá gbé ọ̀kan wọlé, á jáde. Lọ́jọ́ yẹn ló bú sí Hausa, bó ṣe máa ń ṣe bí inú bá ń bí i: "Haba, Baba! Mama na nan! Mọ́mì ṣì wà láàyè, ẹ̀ ń kan makara!"

"Labibah," ìyá rẹ̀ pè é. "Wá. Sọ ọ́ ní Yorùbá."

Ọmọ náà kò lè sọ ọ́ ní Yorùbá. Ó jókòó sílẹ̀, ó gbé orí lé ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀. Èmi wo òkè, nítorí mi ò mọ ibi tí mo lè wò. Ibẹ̀ ni mo ti rántí eríà tẹlifíṣọ̀n wa.

Lórí òrùlé wa ni ó wà látìgbà tí Labibah ti wà ní kékeré, kí gbogbo ayé tó ra díìṣì. Èmi ni mo máa ń dúró níta tí màá máa yí ọ̀pá rẹ̀. Yusrah á wà nínú ilé níwájú tẹlifíṣọ̀n, á máa pariwo, "Ó ti dára! Ó ti lọ! Ẹ dá a padà! Ẹ ti pọ̀ jù, Bàbá Labibah, ẹ dá a padà díẹ̀!" Mo sọ fún un pé mo rántí eríà. Ó la ojú.

"Ọ̀pá yẹn! Ó fúyẹ́. Ìjì máa ń gbé e bí ẹyẹ."

Mo gun òkè, mo fi òòfà kàn án. Òòfà já bọ́ sílẹ̀. Mo tún fi kàn án, mo fẹ́ kó lẹ̀ mọ́ ọn. Ó tún já bọ́.

Róbótó ni, ihò wà nínú rẹ̀, ó rọ̀ lára. Ó dára gan-an. N kò ní nǹkan kan tí mo lè sọ sí i mọ́. Àmọ́ ẹyọ kan kò tó, Labibah ló sì wá èyí tó kù. Ó nu ojú rẹ̀, ó jáde, ó ń lọ láti ilé dé ilé, ó ń tọrọ eríà àtijọ́ tí wọn kò lò mọ́. Mi ò mọ ohun tó sọ fún àwọn obìnrin ilé wọ̀nyẹn. Mo kàn rí i pé ọ̀pá ń dé. Ọ̀kan wá láti òrùlé Nàímátù.

Ó wá kù mí ku wíwọ̀n. Mo ní láti wọn makara kí n tó mọ bí igi ìsàlẹ̀, tí àwọn ọ̀pá náà yóò dúró lé, yóò ṣe gùn tó. Mo dúró dìgbà tí wọ́n kírun Àlàásárì tán, tí àwọn èèyàn ti ń tú ká, mo gba ẹ̀yìn mọ́sálásí. Ó wà níbẹ̀, wọ́n gbé e ti ògiri, adìyẹ kan wà lábẹ́ rẹ̀. Mo ta téèpù sí i.

"Ta ló kú?"

Ládàánì wa ni, Alfa Saifullah. Ohùn rẹ̀ tó fi ń pe ìrun ló fi béèrè, gbogbo ẹ̀yìn mọ́sálásí ló gbọ́.

"Kò sẹ́ni tó kú, Alfa. Aṣọ ni mo fẹ́ rán sí i. Aṣọ tuntun."

Ó wo téèpù. Ó wo ojú mi. Ìlọrin ni òun náà, ó mọ bí ilé wa ṣe rí.

"Madalla," ó ní. "Aṣọ tuntun dára." Ó lé adìyẹ náà, ó wá di orí téèpù kejì mú fún mi. "Ẹ kà á dáadáa. Ẹ̀yin télọ̀, ẹ fẹ́ràn kí ẹ máa fi kún un. Ẹni tó bá máa lo èyí ò ní tún sanra mọ́."

Mo rẹ́rìn-ín kí n tó mọ̀. Òun náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, ó ní, "Ẹ bá mi kí Ìyá Labibah," ó sì yára lọ.

Ó kù mí ku gíga, ibi tí ọ̀pá yóò tẹ̀ dé kí aṣọ má baà kan ara. Fún ìyẹn, mo ní láti wọn Yusrah. Mo ti ń rán aṣọ fún un látìgbà ìgbéyàwó wa, n kì í wọ̀n ọ́n. Ìwọ̀n rẹ̀ wà lórí mi bí orúkọ mi. Mo fẹ́ lo èyí tó wà lórí mi. Ó ní rárá.

"Ṣé ẹ máa ń gé aṣọ oníbàárà láìwọ̀n?"

Àwa télọ̀ kì í wọn ẹni tó dùbúlẹ̀. Ọ̀gá mi ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀, pé ẹni tó bá fẹ́ kí n wọn òun, kó dìde. Yusrah mọ̀. Ó na ọwọ́ sí Labibah, ó dìde. Ó pẹ́ kó tó dúró. Mo ta téèpù yí i ká, mo fà á bọ̀ sí ibi tí ọwọ́ mi ti mọ̀. Téèpù kọjá ara rẹ̀. Ó kọjá lọ títí. Mo ń fà á, ó ń bọ̀.

"Ẹ kà á sókè," ó ní.

Mo ka èyí tó wà lórí mi, ti ìgbà tó ṣì sanra, tó ń bá mi jà nítorí pé mo rán aṣọ rẹ̀ há.

Ó fi iwájú orí rẹ̀ ti èjìká mi. "Irọ́ yín dùn," ó ní.

Igi ìsàlẹ̀ kò lè jẹ́ ti eríà, nítorí á máa wọ́. Mo padà sí ọ̀dọ̀ Adégbọlá fún páìpù onígun mẹ́rin tó fẹ́lẹ́. Ó ní kí n sọ gígùn. Mo sọ ọ́. Ó ní kí n sọ ìbú. Mo sọ ọ́. Ó ti gbé ayùn, ó wá dúró.

"Télọ̀. Ibùsùn wo ló tẹ́ẹ́rẹ́ tó báyìí?"

Mo wo ilẹ̀. Gígé àlùmíníọ́mù wà káàkiri, ó ń tàn nínú oòrùn.

Adégbọlá ṣí fìlà, ó dé e padà. Ó gé páìpù náà fúnra rẹ̀, ó fi fáìlì ha etí rẹ̀ kí ó má baà gé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Mo ní ṣé kí n gbé e lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà kó jó o pọ̀. Ó ní iná àwọn wẹ́dà tó wà lójú títì kò mọ àlùmíníọ́mù, pé ńṣe ló máa yọ́ bí àdí. Ó ní ríbẹ́ẹ̀tì ni kí n fi dè é, ríbẹ́ẹ̀tì àlùmíníọ́mù, kì í ṣe ìṣó irin, nítorí irin á dípẹtà síbẹ̀, ìpẹtà á sì ba aṣọ funfun jẹ́. Ó yá mi ní ohun tí wọ́n fi ń fún un pọ̀. Nígbà tí mo fẹ́ sanwó, ó bínú.

"Máa lọ sílé, jàre," ó ní. "Máa lọ, kí o má lọ bá nǹkan mìíràn nílé."

Yàrá ni a ti ṣe é, lójú Yusrah, bó ṣe fẹ́. Ọ̀pá tó ní ihò nínú, bí èèyàn bá kàn tẹ̀ ẹ́, á fọ́ pọ̀ bí agolo. Adégbọlá ti kọ́ mi pé kí n rọ yanrìn gbígbẹ sínú rẹ̀ kún dẹ́múdẹ́mú, kí n fi èdídì dí i lórí àti nídìí. Labibah yan yanrìn lórí iná bí ẹni ń yan ẹ̀pà kí ó lè gbẹ. Mo dojú odó ńlá Yusrah dé sílẹ̀, odó tí ìyá rẹ̀ fún un wá sílé ọkọ, mo sì ń rọra tẹ ọ̀pá náà yí ikùn odó. Ọ̀pá ń ké wínní wínní. Kò fọ́.

"Díẹ̀ sí i," Yusrah ń wí láti orí ẹní. "Díẹ̀ sí i. Ó ti pọ̀ jù, Bàbá Labibah, ẹ dá a padà díẹ̀."

Nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀, mo kúrò nínú yàrá, mo lọ dúró lẹ́yìn ilé fún ìgbà díẹ̀. Labibah ló bá mi di ọ̀pá náà mú títí mo fi padà.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ ti wà ní ìdè, mo fi ọwọ́ kan gbé e sókè. Ọwọ́ kan. Labibah náà fi ọwọ́ kan gbé e. Yusrah ní kí a gbé e wá, ó fi ìka méjì sí abẹ́ rẹ̀, ó gbé e kúrò nílẹ̀.

"Ó dára," ó ní. "Ẹ jẹ́ kí n wọ̀ ọ́ wò."

"Láéláé," mo ní.

"Télọ̀ wo ni kì í jẹ́ kí oníbàárà wọ aṣọ wò?"

"Yusrah, mo bẹ̀ ẹ́."

"Èmi náà bẹ̀ yín. Bí ó bá kù síbì kan, ìgbà wo ni màá lè sọ ọ́?"

Labibah ló gbé e. Mi ò lè gbé e. Ó gbé e lé ìyá rẹ̀ lórí bí èèyàn ṣe ń dé agbọ̀n lé òròmọdìyẹ. Èmi ta aṣọ sí i, aṣọ aláwọ̀ ewé tí mo fúnra mi rán, mo ta á látorí dé ẹsẹ̀. Ó bọ́ sílẹ̀ dáadáa. Kò sí iná, fáànù kò lè ṣiṣẹ́, Yusrah ní láti abẹ́ aṣọ pé kí Labibah wá páálí, kó fẹ́ atẹ́gùn sí i gan-an. Ọmọ náà fẹ́ ẹ títí ó fi ń làágùn. Aṣọ gbọ̀n, ó wú, ó sọ̀. Kò kan nǹkan kan.

Mo yí i ká. Mo kúnlẹ̀, mo wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Mo lọ sí ẹnu ọ̀nà, mo dúró níbi tí oníkẹ̀kẹ́ lè dúró.

"Bàbá Labibah," ohùn rẹ̀ wá. Ó dà bí ohùn Nàímátù láti ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn. "Ṣé ẹ ń rí mi?"

"Mi ò rí ẹ," mo ní.

"Orúnkún mi ńkọ́?"

"Mi ò rí i."

"Ẹ wò ó dáadáa. Mo ká a sókè."

"Yusrah, mi ò rí ẹ. Jáde wá."

Kò jáde lójú ẹsẹ̀. Ó dákẹ́ síbẹ̀. Ẹ̀rù bà mí tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi já aṣọ náà kúrò lórí rẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín, omi wà lójú rẹ̀. "Ó tutù nínú ẹ̀," ó ní. "Ó dára."

Ọyẹ́ kò tíì tán nígbà tó lọ. Labibah àti àwọn obìnrin ló wẹ̀ ẹ́, ládàánì àti àwọn ọkùnrin ló kó wa jọ. Alfa Saifullah ló gbé ìbòrí ọ̀pá náà wá sórí makara, ó fi ọwọ́ kan gbé e, ó sì wò mí. Adégbọlá wà níta, lára ògiri, ó ṣí fìlà. Mo gba èjìká iwájú. Makara ṣì wúwo bó ti wúwo tẹ́lẹ̀, àmọ́ kò wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì sẹ́ni tó sọ nǹkan kan nípa ẹ̀ṣẹ̀.

Bí a ṣe yọ sí títì, ní ibi kan náà, atẹ́gùn dé. Mo mọ̀ pé yóò dé. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ dúró. Ẹnì kan gba èjìká lọ́wọ́ mi, bí wọ́n ti máa ń gbà á, mo sì bọ́ sí ẹ̀gbẹ́, mo dúró sáàárín àwọn tó ń wò. Aṣọ náà wú, ó fẹ́ fò, ó sọ̀ padà sórí ọ̀pá. Ó dà bí ilé kékeré kan tí wọ́n ń gbé kọjá.

Mo wò ó bí mo ṣe máa ń wo aṣọ tí oníbàárà fẹ́ gbà. Mo wo apá orí, mo wo àárín. Mo wá orúnkún rẹ̀. Ibì kankan kò fà, ibì kankan kò lẹ̀. Wọ́n gbé e yí kọ̀rọ̀, n kò sì rí i mọ́.